Ọkọ ọmọ mi dúdú, ó sì ní Hispanic lòun: kí la ó kọ sí fọ́ọ̀mù ọmọ-ọmọ mi?

ÌBÉÈRÈ: Mo wà lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin ní Katy, lẹ́bàá Houston, mo ń bá a tọ́jú àwọn ọmọ. Ará Honduras ni ọkọ rẹ̀, Garífuna, ẹ̀yà dúdú kan níbẹ̀, sì ni ìdílé wọn. Ó dúdú ju èmi gan-an lọ, síbẹ̀ ó ní Hispanic lòun. Àkọ́bí wọn fẹ́ wọ iléèwé. Fọ́ọ̀mù béèrè bóyá ọmọ náà jẹ́ Hispanic, ó tún wá béèrè ìran rẹ̀. Ọmọ mi ní kí wọ́n kọ "dúdú" nìkan, ọkọ rẹ̀ ní méjèèjì ni. Obìnrin tó wà lápá ọ̀tún wa, Fẹnẹsúẹ́là ló ti wá, ojú rẹ̀ sì kọ́rẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo pè é ní ará Mẹ́síkò. Bàbá tó wà lápá òsì ń jẹ́ Garza, kò sì gbọ́ Sípáníìṣì rárá. Mo tún rí ère tí wọ́n ń pè ní Changó nínú ṣọ́ọ̀bù kan. Ta ni wọ́n ń pè ní Hispanic gan-an, kí la ó sì kọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ jẹ́ ká ti orí fọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀, torí ọjọ́ ìwọlé kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọkọ ọmọ yín ló tọ̀nà. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lórí fọ́ọ̀mù iléèwé ìjọba ní Texas. Èkíní ń béèrè bóyá ọmọ náà jẹ́ Hispanic tàbí Latino. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹyọ kan péré ni wọ́n ń mú níbẹ̀. Ẹ mú bẹ́ẹ̀ ni. Èkejì ń béèrè ìran, ibẹ̀ sì gba kí èèyàn mú ju ẹyọ kan lọ. Ẹ mú Black or African American. Tí ọmọ yín bá kọ "bẹ́ẹ̀ kọ́" síbi èkíní, ó ti yọ bàbá ọmọ àti gbogbo ìdílé rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Tí wọ́n bá sì mú Hispanic, tí wọ́n fi ibi ìran sílẹ̀ lófìfo, ìdílé tiyín náà ni wọ́n yọ yẹn.

Àpótí kẹta kan wà tí ẹ ó rí níbẹ̀, ti àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Àlàyé tó wà lábẹ́ rẹ̀ ka àwọn onílẹ̀ Àárín Amẹ́ríkà mọ́ ọn, Honduras sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí ẹni tó máa mú un ṣì so mọ́ ẹ̀yà tàbí àwùjọ rẹ̀. Àwọn Garífuna ní ẹ̀jẹ̀ àwọn onílẹ̀ erékùṣù Karíbíà nínú. Bóyá wọ́n á mú un tàbí wọn ò ní mú un, ìdílé bàbá ọmọ ló ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ bi wọ́n, ẹ má bá wọn dáhùn.

Ibi tí nǹkan ti sábà máa ń dàrú ni kí òbí fi ìbéèrè kan sílẹ̀ láìdáhùn, kó rò pé kò ṣe nǹkan. Iléèwé ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí òbí ò bá kọ ọ́, òṣìṣẹ́ iléèwé fúnra rẹ̀ ló máa wo ọmọ náà kó tó kọ ohun tó bá rò pé ó rí. Ẹni tó bá wo ọmọ-ọmọ yín á rí ọmọ dúdú, á kọ ọ́, ọ̀rọ̀ Honduras á sì parí síbẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ṣeé ṣe kó máa kọ ọmọ yín lóminú, kò sì jẹ̀bi rẹ̀. Nígbà tí iléèwé bá ń fi iye àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí Washington, gbogbo ọmọ tó bá ti dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" síbi èkíní ni wọ́n á kó sábẹ́ Hispanic, ohun yòówù kí wọ́n mú síbi ìran. Nínú ìròyìn tí iléèwé ń tẹ̀ jáde, ọmọ yẹn ò ní hàn láàárín àwọn ọmọ dúdú. Àmọ́ àkọsílẹ̀ tirẹ̀ gan-an, tó wà lọ́wọ́ iléèwé, á ṣì ní méjèèjì nínú. Èmi ò fara mọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe àròpọ̀ yẹn, torí ọmọ dúdú tó bá sọ òtítọ́ nípa bàbá rẹ̀ ló ń sọ nù nínú rẹ̀. Síbẹ̀, irọ́ kọ́ ló máa wo ìyẹn sàn.

Ẹ wá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ Hispanic ṣe délẹ̀. Nínú ìkànìyàn ọdún 1930, ìjọba Amẹ́ríkà kọ "Mexican" sílẹ̀ bí ìran kan gédégbé. Àwọn ará Mẹ́síkò àti ìjọba orílẹ̀-èdè wọn kọ̀ ọ́, torí lákòókò náà, ẹni tí wọn ò bá kà sí aláwọ̀ funfun, ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà nínú ewu. Ní 1940, wọ́n yọ ọ́, wọ́n dá wọn padà sábẹ́ aláwọ̀ funfun. Ọdún 1976 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí ìjọba máa ka àwọn tó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Sípáníìṣì lọ́tọ̀. Ní 1977, ọ́fíìsì ètò ìnáwó ààrẹ kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀: ẹni tó bá ṣẹ̀ wá láti Mẹ́síkò, Puerto Rico, Kúbà, Àárín tàbí Gúúsù Amẹ́ríkà, tàbí àṣà Sípáníìṣì mìíràn, àwọ̀ yòówù kó ní. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni ìdáhùn sí ìyanu tó ń ṣe yín. Láti ilẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé Hispanic kì í ṣe àwọ̀. Ìkànìyàn 1980 ló kọ́kọ́ bi gbogbo èèyàn.

Ohun tí ìtumọ̀ yẹn mú wọlé àti ohun tó tì síta máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Ará Sípéènì wọlé. Ará Haiti ò sí níbẹ̀, torí Faransé àti Kreyòl ni wọ́n ń sọ. Àwọn ará Bràsíl tí ń sọ Potogí, Latino ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n ìjọba kì í kà wọ́n mọ́ Hispanic.

Ní ìkànìyàn 2020, àwọn tó mú Hispanic jẹ́ mílíọ̀nù 62.1. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìran, nǹkan bí 42 nínú ọgọ́rùn-ún wọn mú "ìran mìíràn", 20 mú funfun nìkan, àwọn tó mú dúdú nìkan ò sì tó 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má fi iye kékeré yẹn rò pé wọn ò pọ̀. Nígbà tí ilé ìwádìí Pew bi àwọn àgbàlagbà ní tààràtà bóyá wọ́n jẹ́ Latino tó ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 ló ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn 12 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà Latino. Èèyàn kan náà ni o; ìbéèrè ló yàtọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Sípáníìṣì, èèyàn lè dúdú kó má sì fi "dúdú" ṣe orúkọ ara rẹ̀ rí, títí ó fi dé Amẹ́ríkà.

Ní oṣù kẹta 2024, ìjọba kéde pé àwọn máa sọ ìbéèrè méjèèjì di ẹyọ kan, Hispanic á sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú, funfun àti àwọn yòókù, kí kálukú mú gbogbo èyí tó bá kàn án. Fọ́ọ̀mù tí ẹ ní lọ́wọ́ ṣì jẹ́ ti àtijọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan láàárín àwọn Latino dúdú ń bẹ̀rù pé ọ̀pọ̀ èèyàn á mú Hispanic, wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Tí irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ ọmọ yín, kó mú méjèèjì, tí àyè àtikọ nǹkan bá sì wà lábẹ́ rẹ̀, kó kọ Honduran síbi kan, kó kọ Nigerian àti Garifuna síbi kejì.

Ó ku ti àwọn aládùúgbò yín. Ẹ rántí bó ṣe máa ń rí lára ọmọ Ìjẹ̀bú tí ẹnì kan bá dé tó ń kí i bí ará Oǹdó. Yorùbá ni wọ́n jọ jẹ́, ìyẹn ò ní kó má dùn ún. Bí ọ̀rọ̀ obìnrin Fẹnẹsúẹ́là yẹn ṣe rí gan-an nìyẹn. Houston gangan, nínú ìkànìyàn 2020, nǹkan bí 44 nínú ọgọ́rùn-ún ará ibẹ̀ ni Hispanic, ará Mẹ́síkò ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ti Caracas tàbí San Salvador wá ti rẹ̀ fún kí wọ́n máa pè é ní Mẹ́síkò ní báńkì, ní ọjà, ní ẹnu ọ̀nà iléèwé.

Katy tiyín tún yàtọ̀. Ìlú Katy fúnra rẹ̀ ò tóbi, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ti gbòòrò bo àwọn ẹ́sítéètì tó nà wọ káúntì mẹ́ta: Harris, Fort Bend àti Waller. Àwọn ará Fẹnẹsúẹ́là pọ̀ níbẹ̀ débi pé wọ́n ń fi eré pè é ní Katyzuela. Epo rọ̀bì ló kó wọn wá. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì 2002 sí 2003, ìjọba Hugo Chávez lé òṣìṣẹ́ bí 18,000 kúrò ní ilé iṣẹ́ epo ìjọba, PDVSA. Ọ̀pọ̀ ẹnjiníà nínú wọn mọ Houston tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì wá iṣẹ́ sí, ní àwọn ọ́fíìsì epo tó wà lẹ́bàá òpópónà I-10. Àwọn tí ìyà ọrọ̀ ajé lé jáde lẹ́yìn náà wá bá wọn. Ẹ fi èyí wé àwọn ará El Salvador tí ogun lé dé ní àwọn ọdún 1980. Gulfton ni ọ̀pọ̀ wọn wọ̀, ní àwọn ilé gbígbé tí wọ́n kọ́ fún àpọ́n òṣìṣẹ́ epo, tó ṣófo nígbà tí owó epo já. Ẹni méjì yìí lè pàdé nílé ìjọsìn kan náà, kí wọ́n gbọ́ èdè ara wọn, síbẹ̀ kí ìrìn àjò wọn má jọra níbì kankan.

Nítorí náà, ẹ bi í ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, orúkọ yẹn ni kí ẹ sì máa lò. Ìwádìí fi hàn léraléra pé orúkọ orílẹ̀-èdè ni ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ràn láti máa fi pe ara wọn. Hispanic àti Latino ò bí wọn nínú. Latinx táwọn ọmọ yunifásítì ń lò, 4 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ fún Pew ní 2023 pé àwọn ń fi pe ara àwọn, ẹ fi sílẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí ìyá rẹ̀ àgbà, "Doña" àti orúkọ rẹ̀ ló yẹ, "usted" lẹ ó sì lò; "tú" wà fún ẹgbẹ́ àti ọmọdé. Ẹ má béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àní bí ẹ bá ti di ọ̀rẹ́.

Ti bàbá Garza ló jinlẹ̀ jù, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ṣeé ṣe kí ìdílé bẹ́ẹ̀ ti wà ní Texas kí Texas tó di ti Amẹ́ríkà. Mẹ́síkò ló ni ilẹ̀ náà títí di 1836. Tejano ni wọ́n ń pe irú wọn. Ààlà ló rìn kọjá lórí wọn. Láti 1918, òfin Texas ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ níléèwé ìjọba, kò sì kúrò nílẹ̀ títí di ìparí àwọn ọdún 1960. Wọ́n ń na ọmọ, wọ́n sì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀, tó bá sọ Sípáníìṣì ní pápá ìṣeré. Ọmọ tí wọ́n nà yẹn dàgbà, ó bímọ, ó sì pinnu pé ẹgba yẹn ò ní ba ọmọ òun. Ní 1957, Felix Tijerina, oníṣòwò ilé oúnjẹ ní Houston tó jẹ́ olórí LULAC, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn Latino, dá iléèwé ọmọ kékeré sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Ganado. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 400 ni wọ́n ń kọ́ ọmọ Mẹ́síkò kó tó wọ kíláàsì kìíní, kó má bàa fìdí rẹmi. Bí èdè ṣe kúrò nílé nìyẹn, láti ọwọ́ òbí tó fẹ́ràn ọmọ.

Àwọn wọ̀nyí gan-an ni wọ́n sì jà fún ẹ̀tọ́ tí gbogbo wa ń jẹ níbẹ̀ lónìí. Ní Edna, ìlú kékeré kan ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Houston, odindi ọdún 25 kọjá láìsí ẹnì kan tó ní orúkọ Mẹ́síkò láàárín àwọn ará ìlú tó lé ní 6,000 tí wọ́n pè wá jókòó bí ìgbìmọ̀ adájọ́. Agbẹjọ́rò ìjọba ní funfun ni àwọn ará Mẹ́síkò, nítorí náà kò sí ẹni tó rẹ́ wọn jẹ. Ilé ẹjọ́ yẹn sì ní ilé ìyàgbẹ́ ọkùnrin méjì: ọ̀kan ò ní àkọlé, wọ́n kọ "Colored Men" sára èkejì, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ ní Sípáníìṣì pé "Hombres Aquí", àwọn ọkùnrin níbí. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún 1954, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Washington dá wọn láre nínú ẹjọ́ Pete Hernandez, ọmọ Mẹ́síkò tí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ dá lẹ́bi. Ní 1970, àwọn aláṣẹ iléèwé Houston tún lo ọgbọ́n kan náà: wọ́n da ọmọ dúdú pọ̀ mọ́ ọmọ Mẹ́síkò, wọ́n ní àwọn ti da dúdú pọ̀ mọ́ funfun. Àwọn òbí Mẹ́síkò kó ọmọ wọn jáde, wọ́n ń kọ́ wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti gbọ̀ngàn àdúgbò. Ẹ wá rí i pé bíbéèrè lọ́wọ́ bàbá Garza pé "kí ló dé tí ẹ ò gbọ́ èdè yín?" jẹ́ fífi ìka kan egbò. Àwọn èèyàn tirẹ̀ náà ń bú irú wọn: nínú ìwádìí Pew ti 2023, ó lé ní ìdajì àwọn tí ò gbọ́ Sípáníìṣì dáadáa tó ní Latino ẹgbẹ́ wọn ti fi ṣe ẹ̀sín. Síbẹ̀, 78 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo wọn ló gbà pé èèyàn lè jẹ́ Latino láìgbọ́ èdè náà.

Gbígbé lẹ́bàá ìlú máa ń mú kí èdè tètè sọ nù. Ní Magnolia Park, àdúgbò àtijọ́ àwọn Mẹ́síkò ní Houston, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé búrẹ́dì àti aládùúgbò gbogbo ló ń sọ Sípáníìṣì. Ọmọ á gbọ́ ọ láìkọ́. Ní ẹ́sítéètì Katy, mọ́tò ló ń gbé èèyàn lọ síbi gbogbo, Gẹ̀ẹ́sì ni ti iléèwé, ti pápá bọ́ọ̀lù àti ti ìpàdé ẹgbẹ́ onílé. Àṣà wá di nǹkan òpin ọ̀sẹ̀. Pew rí i pé láàárín àwọn tí baba ńlá wọn jẹ́ Hispanic, 97 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó kó wá fúnra wọn ló ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀. Ní ìran kẹta ó di 77, láti ìran kẹrin lọ ó di ìdajì. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí Alief àti Missouri City wà lójú ọ̀nà kan náà.

Fún ọmọ-ọmọ yín, ẹ pín èdè láàárín èèyàn. Ẹ̀yin, Yorùbá nìkan, láti ìgbà tó bá jí títí ó fi sùn. Ẹ má bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá yín lóhùn. Bàbá rẹ̀, Sípáníìṣì. Iléèwé á bójú tó Gẹ̀ẹ́sì láìsí àní-àní. Fọ́ọ̀mù mìíràn wà tó ń béèrè èdè tí ẹ ń sọ nílé: ẹ kọ òtítọ́ síbẹ̀. Tí ẹ bá kọ èdè mìíràn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á dán ọmọ wò nínú Gẹ̀ẹ́sì, tí kò bá sì tíì dán mọ́rán, wọ́n á fún un ní ìrànlọ́wọ́. Kò kan ọ̀rọ̀ ìgbélùú. Texas ní dandan ni kí agbègbè iléèwé ṣí ẹ̀kọ́ elédè méjì tí ọmọ 20 tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá ń sọ èdè kan náà ní kíláàsì kan náà. Sípáníìṣì máa ń tó iye yẹn. Yorùbá kì í sábà tó o, nítorí náà ọwọ́ yín ni Yorùbá wà. Ẹ béèrè bóyá iléèwé tó sún mọ́ yín ní irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì tètè béèrè, torí àyè máa ń tán.

Ẹ má jẹ́ kí ohun Garífuna bọ́ sọ nù nínú Sípáníìṣì. Áfíríkà àti onílẹ̀ Karíbíà ló pàdé ní erékùṣù St. Vincent, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun wọn, wọ́n sì kó wọn dà sí Roatán, létí Honduras, ní 1797. Wọ́n ní èdè tiwọn. Ẹ ní kí ìyá ọkọ ọmọ yín se hudut fún yín: wọ́n á bọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, èyí tí ò tíì pọ́n pẹ̀lú díẹ̀ tó ti pọ́n, wọ́n á gún un nínú odó igi títí á fi fà, wọ́n á sì bu ọbẹ̀ ẹja tí wọ́n fi omi àgbọn sè sí i. Ẹ ò ní nílò ẹni tó máa kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́.

Ère Changó ní tirẹ̀, botánica ni irú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ibi tí wọ́n ti ń ta ewé àti ohun ìbọ. Tó bá jẹ́ obìnrin aláṣọ pupa tó mú idà lọ́wọ́, Santa Bárbara ti àwọn Àgùdà ni. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà fi Ṣàngó sábẹ́ rẹ̀. Lucumí ni orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ẹ̀bá ìlú ni wọ́n ti ja ìjà ẹ̀sìn òrìṣà wọn ní Amẹ́ríkà. Hialeah, lẹ́bàá Miami, tó kún fún ará Kúbà, ṣòfin lòdì sí ẹbọ ẹran nígbà tí ilé ìjọsìn Lucumí fẹ́ ṣí níbẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wọ́gi lé òfin náà ní 1993. Ní Texas níbí, ọmọ Puerto Rico kan, José Merced, pe ìlú Euless, láàárín Dallas àti Fort Worth, lẹ́jọ́ torí wọ́n ní kò gbọdọ̀ fi ewúrẹ́ rúbọ nílé rẹ̀. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a láre ní 2009. Àmọ́ ẹ má rò pé gbogbo Hispanic dúdú ló mọ ìyẹn. Àwọn Garífuna ní ìsìn baba ńlá tiwọn, ọ̀pọ̀ ará Honduras á sì sá fún botánica.

Kí ọmọ yín tó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, kó wo ibi orúkọ. Ní Honduras, ọmọ ń jẹ́ orúkọ ìdílé méjì, ti bàbá ṣáájú, ti ìyá tẹ̀ lé e. Ká ní Martínez ni ti bàbá, Adéyẹmí ni ti ìyá: kọ̀ǹpútà iléèwé lè fi Martínez ṣe orúkọ àárín, kó wá to ọmọ sábẹ́ A. Lọ́jọ́ tí bàbá bá wá mú un, wọn ò ní rí i nínú ìwé. Kí wọ́n kọ méjèèjì sínú àpótí orúkọ ìdílé, kí wọ́n fi àmì kékeré so wọ́n pọ̀ tí ìwé ìbí bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ìwé ìbí, káàdì Social Security àti fọ́ọ̀mù iléèwé sì bára mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n bí ọmọ yẹn sí, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà, ti Nàìjíríà nípasẹ̀ ìyá rẹ̀, àti ti Honduras nípasẹ̀ bàbá rẹ̀, orúkọ tí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ ni gbogbo ọ́fíìsì yòókù á sì máa tẹ̀ lé.